Bí Alhaji Mùbàṣírù Ṣe Fi Àìsàn Joyè

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó, ẹ fẹ̀yìn ti nǹkan. Ẹ̀yin tí ẹ dúró, ẹ má sùn lóòró. Ìtàn yìí kò gùn, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó wà nínú rẹ̀ gùn lórúkọ.

Àìsàn tí ń dá ẹlòmíràn dùbúlẹ̀ ló gbé Alhaji Mùbàṣírù dìde. Adelé ọ̀gá ni ní Àjọ Ìlàjú Agbègbè, tí ilé iṣẹ́ wọn wà ní Òkè-Agbo, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí àṣẹ wọn sì dé Àgọ́-Ìwòyè títí dé etí omi lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ àjọ náà ni láti la àwọn ará agbègbè lójú. Bí wọ́n ṣe ń là á, ẹ má bi mí. Adelé ni mo sì pe Alhaji o, ẹ má gbàgbé. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí kí wọ́n yọ "adelé" yẹn kúrò lọ́rùn rẹ̀, kó di ọ̀gá pátápátá, kó lè máa bínú sí èèyàn láìbẹ̀rù.

Lọ́jọ́ kan orí ń fọ́ ọ, ó bá gba ọ̀dọ̀ dókítà kan lọ ní Àgọ́-Ìwòyè. Dókítà wé nǹkan mọ́ ọn lápá, ó fún un pọ̀, ó wò ó, ó mi orí.

"Alhaji, háípàtẹ́ńṣọ̀n lẹ ní."

"Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí?"

Dókítà náà, ọ̀dọ́kùnrin tó fẹ́ràn àlàyé, kò mọ irú ẹni tó ń ṣàlàyé fún. "Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, sà. Èdè àwọn ará Gíríìkì ayé àtijọ́ ni 'háípà' yẹn. Àwọn ló ni àwọn orúkọ iwájú tí gbogbo ayé ń fi síwájú ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì. Níbi tí ẹ bá ti gbọ́ háípà, nǹkan náà ti rékọjá ibi tó yẹ kó dúró. Ẹ̀jẹ̀ yín ti ga jù."

"Ó ga ju ti àwọn ẹgbẹ́ mi lọ?"

"Ó jìnnà sí tiwọn, sà."

"Ó ju ti Olúsànyà, Ìgbákejì mi?"

"Mi ò tíì yẹ tirẹ̀ wò, sà, ṣùgbọ́n tiyín bà mí lẹ́rù."

Ó bà á lẹ́rù! Alhaji na ọrùn bí àkùkọ tó gorí àkìtàn. Ó ní kí dókítà sọ àwọn yòókù fún òun, dókítà sì sọ díẹ̀: mẹ́gà ni ohun ńlá, máíkírò ni ohun bíńtín, háípò ni ohun tó wà nísàlẹ̀, tẹ́lì ni ọ̀nà jíjìn, òun ló wà níwájú tẹlifóònù àti tẹlifíṣọ̀n, áńtì ni ohun tí ń dojú kọ nǹkan, ọ́tò sì ni ohun tí ń ṣe ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọ oògùn sórí bébà fún un. Nígbà tí Alhaji dé ìta, bébà oògùn náà ló fi nu eruku bàtà rẹ̀. Ta ní í fi oògùn lé oyè lọ?

Ní Òkè-Agbo, Ràhmát ni akọ̀wé tí ń tẹ ìwé fún Alhaji. Ọmọ Àtìkórí ni, ó sì ní ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Waris, tí kò tíì lè dìde dúró, tí kì í fẹnu kan ife, tí kì í fẹnu kan fídà, àfi ọmú ìyá rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí Ràhmát lè ṣiṣẹ́ ni yàrá kan tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ náà. Yàrá náà fẹ̀, atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá, ibẹ̀ sì ni àwọn abiyamọ ń gbé ọmọ wọn sí kí Ìyá Nimotalahi máa bá wọn ṣọ́ ọ. Bí ọmọ bá ké, ìyá rẹ̀ á sáré lọ fún un lọ́mú, á tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí kò sí yàrá yẹn, kò sí iṣẹ́ fún Ràhmát. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì yé bẹ̀rù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Ràhmát kì í fi ẹ̀rù ṣeré: bí ọmọ rẹ̀ bá sín, á fọwọ́ kàn án níwájú orí, bí kò bá sín, á tún fọwọ́ kàn án, pé kí ló dé tí kò sín.

Alhaji pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi!" ó ké. "Láti ọjọ́ tí oòrùn ti ń yọ, tí òṣùpá ti ń lé, tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń so, ojú kan kò tíì rí ohun tí ojú mi rí! Àwọn Gíríìkì ti kú, wọ́n ti jẹrà, ṣùgbọ́n wọ́n fi oyè sílẹ̀, oyè ọ̀hún sì ń wá orí tí yóò bà lé. Orí ta ni?"

"Orí yín ni, sà!" Olúsànyà ti dáhùn kó tó béèrè tán. Iṣẹ́ Ìgbákejì ni láti gbà, Olúsànyà a sì máa gbà kó tó mọ ohun tó ń gbà.

"Láti òní lọ, Mẹ́gà-Háípà ni mí. Mẹ́gà, nítorí mo tóbi. Háípà, nítorí ẹ̀jẹ̀ mi ga. Dókítà ló wọ̀n ọ́n, ẹ̀rù sì bà á!"

"Máṣá Allahu!" ni Olúsànyà wí, ó sì gbá ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ àforíjì pé òun kéré.

Wọ́n ṣòfin lọ́jọ́ náà pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ nawọ́ sókè pé "Mẹ́gà!", kó yí po lẹ́ẹ̀kan, kó ní "Háípà!", kó tó sọ tẹnu rẹ̀. Alhaji wá mú fìlà rẹ̀ kan, ó ń gbé e lé àwọn òṣìṣẹ́ lórí lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wé láwàní fún wọn, ó ń fi wọ́n joyè. Ẹ sì mọ àwa Ìjẹ̀bú. Bí wọ́n bá ní ká wá gba ìyà, a ó kọ́kọ́ béèrè bóyá oyè wà nídìí ẹ̀.

Olúsànyà jẹ Háípò, nítorí abẹ́ Alhaji ló wà. Ìdrís, tí ń gbé fóònù ilé iṣẹ́, jẹ Tẹ́lì. Ayọ̀olúwa awakọ̀ jẹ Ọ́tò. Ó wá kan Bàbá Ùsmán, tí ń ṣọ́ géètì.

"Ìwọ ni Áńtì."

"Kí loyè yẹn ń ṣe, Alhaji?"

"Ó ń lòdì."

"Sí kí ni?"

"Sí ohunkóhun tó bá fẹ́ wọlé."

Bàbá Ùsmán, tí kò jẹ́ fi ahọ́n Ìjẹ̀bú rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ọ̀gá kankan, rò ó díẹ̀. "Dede ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ pátápátá."

"Ó dáa. Mo gbà á."

Nígbà tó kan Ràhmát, Alhaji wò ó láti òkè délẹ̀, ó wo Waris tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Máíkírò." Fìlà náà bo Ràhmát lójú, Waris sì fà á já bọ́ sílẹ̀.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ìpàdé ìjọba ti ń parí. Ṣùgbọ́n Alhaji ti gbàgbé ohun kan tí ọmọdé ìlú yìí pàápàá mọ̀. A kì í gba oyè ká gbé e kọ́ bí aṣọ. Orúkọ ń ro ọmọ, oyè ń ro olóyè. Ẹni tó bá joyè ogun, tó gbọ́ ìró ìbọn, tó sá sábẹ́ ibùsùn, ó ti ta ìran rẹ̀ lọ́pọ̀. Gíríìkì ló ni oyè, ṣùgbọ́n Yorùbá ló jẹ ẹ́, wọ́n sì jẹ ẹ́ bí Yorùbá ṣe ń joyè.

Lọ́jọ́ kejì, a kò rí Ìdrís. Ó ti gbé fóònù ilé iṣẹ́ lọ sí ilé ìyá rẹ̀ ní Àbígí, létí omi. "Tẹ́lì ni wọ́n fi mí jẹ," ó wí lórí fóònù. "Bí mo bá jókòó sítòsí, mo ti ba oyè jẹ́." Ayọ̀olúwa ń wa ọkọ̀ Alhaji lọ síbi tó bá wù ú, torí Ọ́tò kì í gba àṣẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Alhaji ní Òkè-Agbo lòun ń lọ, ó bá ara rẹ̀ níwájú ilé àfẹ́sọ́nà Ayọ̀olúwa ní Àgọ́-Ìwòyè. Olúsànyà kò jókòó sórí àga mọ́. Ó kọ́kọ́ bọ́ sórí àpótí, ó bọ́ sórí ẹní, nígbà tó yá ó bọ́ sábẹ́ tábìlì, ibẹ̀ ló sì ti ń buwọ́ lùwé. Kò sí ohun tó kù fún un bí kò ṣe kó gbẹ́ ilẹ̀.

Inú Alhaji ń dùn. "Ẹ wò bí oyè ṣe mọ́ wọn lára!"

Ìgbà yìí ni Ìdrís pè láti etí omi. "Mẹ́gà!" A kò rí bó ṣe yí po, ṣùgbọ́n ó búra pé òun yí. "Háípà! Wọ́n pè láti Abẹ́òkúta o. Màdáàmù Adétutù ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ sísọ yín di ọ̀gá pátápátá wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní yàrá kan ni àwọn fẹ́ wá wò. Yàrá kan tó..."

Nẹ́tíwọọ̀kì já.

Ẹlòmíràn ì bá pè padà. Ṣùgbọ́n Mẹ́gà kì í pe ẹni, pípè ni wọ́n ń pè é. Alhaji dìde, ó ń rìn síwá sẹ́yìn. Yàrá kan! Yàrá wo ní ń bẹ láyé tó tó kí wọ́n torí ẹ̀ gbéra láti Abẹ́òkúta, bí kò ṣe èyí tí Mẹ́gà-Háípà bá jókòó sí? Ọ́fíìsì rẹ̀ sì há bí àpò. Èwo ló fẹ̀ jù nínú ilé náà?

Ẹ ti mọ èyí tó fẹ̀ jù.

"Ẹ kó àwọn ọmọ yẹn jáde," ó pàṣẹ. "Gbọ̀ngàn Mẹ́gà ni ibẹ̀ yóò jẹ́ títí ayé."

Ràhmát sáré wọ ọ́fíìsì rẹ̀ pẹ̀lú Waris lẹ́yìn. Ó nawọ́ sókè. "Mẹ́gà!" Ó yí po, Waris bá a yí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Háípà! Ẹ jọ̀ọ́, Alhaji, ẹ wo ti Ọlọ́hun. Níbo ni n ó gbé ọmọ sí? Bí kò sí yàrá yẹn, ilé ni mo máa padà sí yẹn."

"Kí loyè rẹ?"

"Máíkírò, sà."

"Kí ló túmọ̀ sí?"

"Bíńtín, sà."

"Ọmọ tí bíńtín bí ńkọ́? Ṣé yàrá ńlá ló yẹ ohun tí ojú kò lè tètè rí?" Ó na ìka sí i. "Kí n sì sọ fún ọ, láti òní lọ, ohun gbogbo tó bá tọwọ́ rẹ jáde gbọ́dọ̀ jẹ́ bíńtín. Mi ò fẹ́ rí ohun ńlá lọ́wọ́ Máíkírò mọ́. Ohun ńlá, tèmi ni." Ó gbé ìdì bébà kan tó nípọn bí ìrọ̀rí lé e lọ́wọ́. "Ọ̀rọ̀ ìkíni-káàbọ̀ mi nìyẹn. Bá mi tẹ̀ ẹ́ kó tó di ọjọ́bọ̀."

Wọ́n kó àwọn ọmọ sórí ẹní lábẹ́ igi fúrúùtù kan lẹ́yìnkùlé, nítòsí ibi tí ọgbà ti ya. Ràhmát jókòó tì wọ́n, ó ń fún Waris lọ́mú, ó ń sunkún.

"Ìyá Waris, má sunkún sórí ọmú," ni Ìyá Nimotalahi wí. "Ọmọ á mu omi iyọ̀."

"Ìyá, bí òjò bá rọ̀ ńkọ́? Bí èèrà bá bù ú jẹ ńkọ́? Bí ẹ̀ka igi yìí bá já ńkọ́?"

"Bí sánmà bá já ńkọ́?"

"Ìyẹn náà, Ìyá! Ó ń bà mí lẹ́rù!"

Ìyá Nimotalahi rẹ́rìn-ín títí tí gèlè rẹ̀ fi tú. "Gbọ́, ọmọ mi. Bàbá Ùsmán ń jẹ oyè tirẹ̀. Ìdrís ń jẹ tirẹ̀ létí omi, ó ń fi ẹja jẹ ẹ̀bà. Kí ló dé tí ìwọ ò jẹ tìrẹ? Bíńtín ló ní kó jẹ́."

Ràhmát nu ojú. Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó wá lẹ́tà tó kéré jù, ó tún dín in kù. Kì í ṣe ìkà ló fi ṣe é o. Kí n má purọ́: ìkà díẹ̀ wà níbẹ̀, bí iyọ̀ inú ẹ̀wà. Ìdì tó nípọn bí ìrọ̀rí wọ ojú bébà kan ṣoṣo. Bí ẹ bá wò ó lókèèrè, ẹ ó ní eṣinṣin ló ya ìgbẹ́ sí i.

Ọjọ́bọ̀ pé. Gbọ̀ngàn Mẹ́gà ń dán. Wọ́n gé páálí sí lẹ́tà ràgàjì-ràgàjì, wọ́n kọ́ MẸ́GÀ sára ògiri. Wọ́n to ibùsùn kéékèèké àwọn ọmọ pọ̀, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e lórí, ó di pẹpẹ. Wọ́n gbé àga ọ̀gá lé pẹpẹ, Alhaji sì gun un. Olúsànyà wò yíká, ó wá ibi tó rẹlẹ̀ jù, ó rọra yọ́ wọ abẹ́ pẹpẹ náà.

Ní géètì, ọkọ̀ kan dúró. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀.

"Àsàlámù àlékún, Bàbá."

"Wà àlékún sàlámù. Ẹ padà."

"Adétutù ni mí, láti Abẹ́òkúta. Wọ́n ń retí mi."

"Wọ́n ti ń retí yín láti àárọ̀. Ẹ padà."

"Háà! Kí ni mo ṣe, Bàbá?"

"Ẹ ò ṣe nǹkankan, ọmọ mi. Èmi ni mò ń ṣe é. Áńtì ni wọ́n fi mí jẹ, mo gbọ́dọ̀ lòdì sí yín." Àánú obìnrin náà ṣe é, ó bá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba ibi tí ọgbà ti ya lẹ́yìn, oyè mi ò dé ọ̀hún."

Bí Màdáàmù Adétutù ṣe yọ orí láti ibi tí ọgbà ti ya nìyẹn, tí ẹ̀gún já a ní gèlè, tó bá àwọn ọmọ ọwọ́ lórí ẹní. Òjò ti ń sẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ràhmát di agboòrùn mú lórí ọmọ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yìn òun fúnra rẹ̀ sì ti rin.

"Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Kí ló dé tí wọ́n fi wà nínú òjò?"

"Wọn ò lóyè ni," ni Ìyá Nimotalahi dáhùn.

Kí obìnrin náà tó bi í ní ìtumọ̀ rẹ̀, ohùn Alhaji bú jáde láti ojú fèrèsé: "Máíkírò! Ọ̀rọ̀ mi dà?"

Ràhmát ta gìrì. Kò mọ obìnrin náà rí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ jọ ojú ẹni tó ti tọ́mọ. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi gbé e. Ẹ di ọrùn ẹ̀ mú dáadáa. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, mà. Bẹ́ẹ̀ ni." Ó sáré lọ. Waris wo àlejò náà lójú, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó sì tọ̀ sí i lára.

Nígbà tí Màdáàmù wọ Gbọ̀ngàn Mẹ́gà, tòun ti ọmọ lọ́wọ́, ó kọjá lọ jókòó sórí àga àlejò. "Èmi ni Adétutù," ó wí. "Ẹ máa bá iṣẹ́ lọ." Ràhmát fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ọmọ òun! Ìtọ̀ ọmọ òun!

Alhaji kò rí ìtọ̀, kò rí ọmọ. Ọ̀gá pátápátá nìkan ló ń rí. Ó dìde lórí pẹpẹ, ó na bébà síwájú, ó wò ó. Ó fà á súnmọ́ imú. Ó tún nà án jìnnà, títí ọwọ́ rẹ̀ kò fi gùn mọ́.

"Máíkírò, kí lèyí?"

"Ọ̀rọ̀ yín ni, sà. Gbogbo ẹ̀ pé. Ẹ ní kó jẹ́ bíńtín."

"Ta ló lè kà á? Háípò! Wá kà á!"

"Mo wà níbí, sà," ni ohùn kan wí láti abẹ́ ilẹ̀. Màdáàmù Adétutù gbé ẹsẹ̀ sókè.

Alhaji ní òun kò nílò bébà. "Kí ni bébà jẹ́ lójú Mẹ́gà? Màdáàmù! Ìràwọ̀ Abẹ́òkúta! Yàrá tí ẹ wá wò rèé! Bí ẹ ti ń wò ó, kò sí irú ẹ̀! Ẹ wo gíga rẹ̀! Ẹ wo fífẹ̀ rẹ̀! Ẹni tó wà nínú rẹ̀, Mẹ́gà ni!" Ó nawọ́ sókè. Kò sẹ́ni tó gbè é, ó bá fúnra rẹ̀ yí po. "Háípà ni!" Ó tún yí. "Mẹ́gà..."

Ibùsùn ọmọ ọwọ́, ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ó ké kúú, ó ké káá, pẹpẹ là sí méjì, Alhaji gba àárín rẹ̀ wọlẹ̀ tàga-tàga. Ẹnìkan ń ké "Ọlọ́hun ò!" nísàlẹ̀. Olúsànyà ló ń bọ̀, kápẹ́ẹ̀tì wé mọ́ ọn lórí. Ó ní, "Mo gbà, sà! Mo gbà!" Títí dòní, a kò mọ ohun tó gbà.

Wọ́n fa Alhaji jáde. Màdáàmù kò rẹ́rìn-ín. Bóyá inú ló ti ń rín in.

"Alhaji, yàrá àwọn ọmọ dà?"

"Yàrá... wo?"

"Yàrá tí wọ́n ń tọ́ àwọn ọmọ ọwọ́ sí. Nínú gbogbo ẹ̀ka àjọ wa, tiyín nìkan ló ní in. Òun ni mo wá wò, ká lè ṣe irú ẹ̀ káàkiri. Ẹni tó ní irú yàrá yẹn la sì fẹ́ sọ di ọ̀gá pátápátá."

Waris gùfẹ̀.

"Inú ẹ̀ lẹ jókòó sí, mà," ni Ràhmát wí. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó jáde. "Orí ibùsùn wọn ni Alhaji ti ń yí po."

Màdáàmù wo ògiri, ó wo MẸ́GÀ. "Ta ló fún yín loyè yìí?"

"Dókítà ni," Alhaji wí jẹ́jẹ́. "Ó ní mo ní háípà."

"Oyè ló fún yín àbí oògùn?"

"Ó fún mi lóògùn náà."

"Ẹ lò ó?"

"Háà, Màdáàmù! Kéèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ fi oògùn rọ ara ẹ̀ lóyè?"

Obìnrin náà dìde, ó gbé Waris fún ìyá rẹ̀. "Àwọn ọmọ yóò padà síbí kí òjò tó dá. Ìdrís yóò padà wá láti etí omi. Ẹ̀yin, Alhaji, ẹ ó lọ rọ́pò rẹ̀ níbẹ̀. Mo gbọ́ lẹ́nu Ìdrís lórí fóònù pé oyè kan ń bẹ lọ́hùn-ún tó túmọ̀ sí ọ̀nà jíjìn."

"Tẹ́lì?"

"Ẹ kú oríire."

Bí Alhaji ṣe ń jáde, ọkọ̀ rẹ̀ kò sí nílẹ̀. Ọ́tò ti gbé ara rẹ̀ lọ. Ó dá ọ̀kadà dúró. Bàbá Ùsmán, tó ti ń lòdì sí ohun gbogbo láti ìgbà tó ti joyè, ṣí géètì fún un gbayawu. "Èyí nìkan ni mo fara mọ́," ó wí.

Etí omi dùn fún ẹni tó bá fẹ́ ìsinmi. Kò sí ẹni tí ń yí po fún Alhaji níbẹ̀, àfi omi. Àwọn apẹja kì í pè é ju "Bàbá Onífóònù" lọ. Ó ń rìn, ó ń jẹ ẹja, ó ń sùn. Oògùn pàápàá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, nítorí kò sí ẹni tí yóò rí i. Nígbà tó padà sọ́dọ̀ dókítà, dókítà wé nǹkan mọ́ ọn lápá, inú rẹ̀ dùn.

"Àlhàmúdúlílàhì, Alhaji! Ó ti wálẹ̀."

"Orúkọ iwájú wo ló ní báyìí?"

"Kò ní kankan, sà. Ara yín ti le ni."

Wọ́n ní Alhaji sunkún díẹ̀.

Ní Òkè-Agbo, àwọn káfíńtà ti to ibùsùn tuntun. Ràhmát ń tẹ̀wé, ó ń nàró wo ojú ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn lemọ́lemọ́, bó ti máa ń ṣe. Lọ́jọ́ kan ó gbọ́ tí Ìyá Nimotalahi bú sẹ́rìn-ín níbẹ̀, ó dìde, ó sáré. Waris ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dìde dúró. Ó fi ọwọ́ kan di ògiri mú, ó fi èkejì fa lẹ́tà páálí kan tó ṣẹ́kù níbẹ̀ já, ó ti run ún dé ìdajì.

"Ìyá Waris, wá wò ó!" ni Ìyá Nimotalahi ń ké. "Ọmọ ẹ ń jẹ Mẹ́gà o!"

Ràhmát ti kúnlẹ̀, ó ti ki ìka bọ ọmọ lẹ́nu.

"Tu ú dànù, ọkọ mi," ó wí. "Tu ú dànù. Kò mọ́."